Omi Ẹ̀gẹ́ àti Àpò Àjọni

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó yíyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ẹni tó jẹ gbèsè tí kò fẹ́ san. Ọ̀rọ̀ omi ni. Omi tí ń ṣàn jáde lábẹ́ jáàkì nígbà tí a bá ń fún ẹ̀gẹ́. Omi tí a fi ń fọ ẹ̀gẹ́. Omi tí olúkúlùkù wa máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kí a tó dé ibi tí ó wà.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Èrò mi ni pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí yọ owó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, láti inú èrè, kí a tó pín in, kí a fi máa tún omi yìí ṣe. Èrò mi kejì ni pé kí a má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ìgbà tí àpò bá ti wà, tí a sì ti mọ irú ọ̀nà tó bá wa mu, ni kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á títí dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé. Iye tí à ń wà nínú ilẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a ń sọ di gàrí, fùfú àti láfún. Kò sì sí bí a ṣe lè ṣe é tí omi kò ní jáde. Gbogbo wa la mọ̀ pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáyánáìdì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń rin ín, tí wọ́n ń jẹ́ kí ó kan, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń yan án. Ó dára. Oró kúrò lára gàrí. Ṣùgbọ́n èyí tó bá omi lọ ńkọ́? Inú gọ́tà ló wà, ó ń lọ sí ìsàlẹ̀.

Kì í ṣe oró nìkan ló wà níbẹ̀. Sítáàṣì pọ̀ nínú omi náà, ó sì kan. Bí a bá fi omi ẹ̀gẹ́ wé omi ìdọ̀tí tí ń jáde nínú ilé, bóyá ti ìwẹ̀ ni o, bóyá ti ilé ìgbẹ́, omi ẹ̀gẹ́ le jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó sì tún máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ó bá wọ odò, àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ sítáàṣì náà. Bí wọ́n ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lo afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi tán. Ẹja kò ní rí èémí mí mọ́. Omi á dúdú, á sì máa rùn. Ohun tó ń pa odò nìyẹn, kì í ṣe àjẹ́.

Ẹlòmíràn a máa sọ pé, “Tiwa kò dé odò, ilẹ̀ ló ń mu ún.” Òótọ́ ni, ilẹ̀ ń mu ún. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ kan náà ni kànga ti ń fa omi. Ibi tí à ń dà á sí lónìí, ibẹ̀ ni a ó tún ju korobá sí lọ́la. Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ó tó àkókò kí a sọ fún ara wa.

KÒKÒRÒ TÓ Ń ṢIṢẸ́ ÀJẸṢẸ́KÙ

Àwọn kòkòrò tí mo dárúkọ yìí, tí ń pa odò, àwọn náà la fi ń tún omi ṣe. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n jẹun nínú táńkì tí a ṣe fún wọn, wọn kò ní rí oúnjẹ jẹ nínú odò mọ́. Ọgbọ́n náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1914, ní ìlú Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkùnrin méjì kan, Edward Ardern àti William Lockett, jẹ́ kí ayé mọ ọ̀nà kan. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ìdọ̀tí títí tí ó fi mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ó parí, wọ́n jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n da omi tó mọ́ kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà nù. Wọ́n da omi ìdọ̀tí tuntun lé e lórí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, títí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ fi di iṣẹ́ wákàtí. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni àwọn kòkòrò òṣìṣẹ́ wà, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá dà á nù ti da òṣìṣẹ́ rẹ̀ nù. Ẹ̀yin ará, àjẹṣẹ́kù kọ́ nìyẹn bí? Àwa náà kì í jẹ owó orí tán. Èyí tó ṣẹ́kù ló ń bí òmíràn.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà yìí ni àwọn ìlú ńláńlá ń lò káàkiri ayé. Àmọ́ ó ní àbùkù. Àwọn kòkòrò náà máa ń wà ní fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú. Tí a bá dá afẹ́fẹ́ dúró kí wọ́n lè sílẹ̀, wọ́n máa ń lọ́ra. Bíi mítà kan péré ni wọ́n ń rin lọ sí ìsàlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Nítorí náà ó di dandan kí a kọ́ táńkì ńlá lọ́tọ̀ fún sísílẹ̀ nìkan, kí póńpù sì máa dá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ padà sí ibi iṣẹ́. Ilẹ̀ ńlá ni, owó iná ńlá ni.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Họ́láńdì, níbi tí àǹkárá Hollandais tí à ń ná lọ́jà ti ń wá, ló wá ọ̀nà láti sọ òwú yìí di hóró. Ní yunifásítì ìlú Delft, Mark van Loosdrecht, Merle de Kreuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí yìí fún ọdún pípẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ rọra ti omi ìdọ̀tí wọlé láti ìsàlẹ̀ táńkì láìsí afẹ́fẹ́, kí àwọn kòkòrò jẹun kí wọ́n sì tọ́jú oúnjẹ sínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á dá afẹ́fẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó bá tètè sílẹ̀ yóò dúró nínú táńkì. Àwọn tó bá ń fò lókè á bá omi lọ. Ó dà bí ẹni tó ń fi asẹ́ jọ gàrí. Bí wọ́n ti ń ṣe é lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, àwọn kòkòrò tó kù á so mọ́ ara wọn, wọ́n á di hóró líle, tó tóbi tó mìlímítà kan tàbí méjì. Bí hóró gàrí gan-an ni.

Hóró yìí kì í lọ́ra. Ó lè rìn ju mítà 10 lọ sí ìsàlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Kò tún sí pé à ń kọ́ táńkì ìsílẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó tún dára jù ni pé oríṣiríṣi òṣìṣẹ́ ló wà nínú hóró kan ṣoṣo. Àwọn tó fẹ́ afẹ́fẹ́ wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ wà ní inú rẹ̀. Èyí tí ẹni ẹ̀yìn bá ṣe kù ni ẹni inú ń parí. Iṣẹ́ tí táńkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń ṣe tẹ́lẹ̀, táńkì kan ń ṣe é.

Ní ọdún 2012, wọ́n ṣí ilé ìtúnmi-ṣe kan tó ń lo hóró yìí fún gbogbo ìlú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: Epe ni orúkọ ìlú náà. Kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ tiwa létí ọ̀sà. Epe ti ilẹ̀ Họ́láńdì ni. Willem-Alexander, tí ó jẹ́ ọmọ ọba nígbà náà kí ó tó jọba ní ọdún 2013, ló wá ṣí i. Kí wọ́n tó ṣe ti Epe, wọ́n ti dán an wò ní Gansbaai, nílẹ̀ South Africa, ní ọdún 2009. Ẹ kò lè sọ pé kò dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú rí. Ní ọdún 2013 ó dé Garmerwolde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Groningen. Nígbà tí wọ́n wọn iná tó ń lò níbẹ̀, wọ́n rí i pé ó fi ìdá 58 sí 63 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn ilé ìtúnmi-ṣe àtijọ́ tó wà nílẹ̀ wọn. Àyè tí táńkì gbà náà fi ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe omi mímọ́ nìkan ni wọ́n ń rí níbẹ̀ báyìí. Ní ìlú Zutphen, ní ọdún 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ ohun kan bíi gọ́ọ̀mù láti ara hóró náà. Kaumera ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n lè fi bo ajílẹ̀, wọ́n lè fi bo irúgbìn, wọ́n sì lè fi bo kọnkéré kí ó má tètè gbẹ jù. Omi ìdọ̀tí tí wọ́n fi bọ́ àwọn hóró Zutphen yìí, láti ilé iṣẹ́ wàrà FrieslandCampina ló ti wá, àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta mílíìkì Peak fún wa ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń kó Peak jọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ olómàlúù tó da ara wọn pọ̀ bí àwa ló ni ilé iṣẹ́ yẹn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni.

TA LÓ SAN OWÓ ÌDÁNWÒ?

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará fi ọkàn sí. Ohun tuntun máa ń ná owó kí ó tó pa owó. Bí ó bá bàjẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ló jẹ gbèsè. Ta ni yóò kọ́kọ́ fi orí fá a?

Nílẹ̀ Họ́láńdì, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ ló ń mójú tó omi ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olówó kan. Àwọn ìgbìmọ̀ omi ni, tí wọ́n ń pè ní waterschap. Ó ti lé ní 700 ọdún tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà. Ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀, òkun ń halẹ̀ mọ́ wọn. Bí ẹnì kan bá fi apá tirẹ̀ nínú ògiri omi sílẹ̀ láìtún ṣe, gbogbo abúlé ló máa rì. Nítorí náà wọ́n kọ́ láti máa dáwó, kí wọ́n máa yan aṣojú, kí wọ́n sì máa bi ara wọn léèrè. Mọ́kànlélógún ni ìgbìmọ̀ omi wọn lónìí, àwọn ará ìlú ló sì ń dìbò yan aṣojú sí i ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin.

Àwọn ìgbìmọ̀ omi yìí ní àpò ìwádìí kan tí gbogbo wọn jọ ń dáwó sí, STOWA ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ hóró yìí dé, àwọn ìgbìmọ̀ mélòó kan, àpò àjọni náà, yunifásítì Delft àti ilé iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà kan jọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò jọ ru ẹrù ìdánwò náà. Bí ó bá jásí ire, gbogbo wọn á jẹ ẹ́. Bí ó bá já sí òfo, kò ní pa ẹnì kan ṣoṣo. Èmi gbà pé àpò yìí ló bí ilé ìtúnmi-ṣe ti Epe, ju ẹ̀rọ lọ. Bí a bá lọ ra ẹ̀rọ tí a kò ra àṣà ìdáwó, a ra òkú ẹ̀rọ.

HÓRÓ MÉJÌ NI, Ẹ JẸ́ KÁ MÚ ÈYÍ TÓ BÁ WA MU

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ó dára, kí a ránṣẹ́ sí Họ́láńdì kí wọ́n wá kọ́ ti Epe fún wa.” Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọ̀nà Epe ń dín owó iná kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iná náà ló ṣì ń lò láti fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń jẹ òkèlè ẹ̀bà mẹ́wàá tó dín in kù sí mẹ́rin, ẹ̀bà náà ló ṣì ń jẹ. Ẹ rántí oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí owó iná àwọn oníbáńdì A fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún ìwọ̀n kan. Iye náà ti lọ sókè sódò láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò padà sí 68 mọ́. Àwa tí a kò sí ní báńdì A, iná kì í tilẹ̀ wá tó bẹ́ẹ̀. Kí a wá máa fi dísẹ̀lì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi ẹ̀gẹ́? Kò ní pẹ́ tí gàrí yóò fi wọ́n ju ìrẹsì lọ.

Ṣùgbọ́n hóró mìíràn wà, tó ṣáájú èyí. Nílẹ̀ Họ́láńdì kan náà, òfin kan jáde ní ọdún 1970 pé ẹnikẹ́ni tó bá da omi ìdọ̀tí sí odò gbọ́dọ̀ san owó, bí ìdọ̀tí rẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Àwọn ilé iṣẹ́ ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà àbáyọ. Gatze Lettinga, ti yunifásítì Wageningen, lọ bá wọn ṣiṣẹ́. Ó ṣe táńkì kan tí a bò lórí, tí a kò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí rárá. Omi ìdọ̀tí á wọlé láti ìsàlẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ la àárín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọjá. Nínú táńkì ìdánwò yẹn, àwọn kòkòrò tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ so mọ́ ara wọn, wọ́n di hóró dúdú. Ohun tí wọ́n ń tú jáde lẹ́yìn oúnjẹ wọn ni gáàsì tó ń jó, èyí tí a lè fi páìpù gbà lókè.

Ẹ ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú mi. Ọ̀nà Epe ń ra iná. Ọ̀nà Lettinga ń mú iná wá. Fún kílógíráàmù kan ìdọ̀tí tí wọ́n bá jẹ, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n, gáàsì náà lè tó líta 350. Ìyá tó ń fi igi yan gàrí, tí èéfín ń ta lójú láti òwúrọ̀, á mọ ohun tí mo ń sọ.

Kí ló dé tí àwọn Òyìnbó Họ́láńdì kò fi lo ti Lettinga fún omi ìlú wọn? Òtútù ni. Àwọn kòkòrò yìí fẹ́ ooru, bíi ìwọ̀n 30 sí 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Omi ìlú wọn tutù jù. Ooru tí àwa ń ráhùn sí, oògùn ni fún hóró yìí. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbilẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru: wọ́n dán an wò lórí omi ìgbẹ́ ìlú ní Cali, nílẹ̀ Kòlóńbíà, ní ọdún 1983, ó dé Kanpur nílẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1989, ó sì pọ̀ ní Bràsíl lónìí. Ní Thailand, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ló ń gba gáàsì láti inú omi ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń fi iná rẹ̀ gbẹ sítáàṣì.

Ohun kan tún wà tó mú kí n fẹ́ràn ọ̀nà yìí. Nereda ni orúkọ ọjà tí wọ́n ń fi ta ọ̀nà Epe, ó sì ní ilé iṣẹ́ tó ni ín. Ṣùgbọ́n Lettinga kọ̀ láti fi òfin so ọgbọ́n tirẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá wù máa lò ó, pàápàá àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ayé kò gbàgbé rẹ̀: wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Tyler ní ọdún 2007, àti ẹ̀bùn omi Lee Kuan Yew ní ọdún 2009. Ẹ̀bùn tí a ti fún wa láti ọjọ́ yìí, ṣé a ó fi sílẹ̀ ni?

ẸNI TÓ FẸ́ SỌ ÒÓTỌ́, KÓ SỌ Ọ́ TÁN

N kò ní tàn yín. Ọ̀nà yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ kan púpọ̀, kíkan sì ń pa àwọn kòkòrò tí ń mú gáàsì wá. A ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí omi náà dúró nínú táńkì mìíràn, kí a pa kíkan rẹ̀, kí ó tó wọ ibi tí hóró wà. Sítáàṣì àti èèpo gbọ́dọ̀ ti sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Oró sáyánáìdì rẹ̀ kò gbọdọ̀ já lu àwọn kòkòrò lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ́ ọn lára. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ọ́ìlì ẹ̀rọ tàbí Izal sínú rẹ̀. Gáàsì rẹ̀ ń gbiná, kì í ṣe ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Omi tó bá sì jáde níbẹ̀ kì í ṣe omi mímu o. Ó ṣì ní láti gba inú adágún tàbí inú koríko omi kọjá kí ó tó dé odò.

Kì í ṣe ohun tó ń yára bẹ̀rẹ̀ náà. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí hóró tó dúró dáadáa, àyàfi tí a bá rí èso rẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹni tó ti ní i. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin oníṣòwò, ọjà ni hóró yìí. Àwọn tó ní àṣẹ́kù ń tà á fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó sì ní ìwà kan tó bá iṣẹ́ wa mu: bí oúnjẹ bá wọ́n fún oṣù mélòó kan, ó lè sùn, kí ó tún jí nígbà tí oúnjẹ bá dé. Ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n kò ní pa á tán.

Ìṣòro tó tóbi jù ni pé búkà gàrí obìnrin mẹ́wàá kò lè dá a ṣe. Omi rẹ̀ kéré jù, owó rẹ̀ kéré jù, kò sì sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Ó di ìgbà tí búkà mẹ́wàá, ogún, bá jọ ń fún ẹ̀gẹ́ sí ojú kan kí ó tó bọ́ sí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn baba wa ṣe lórí kòkó. Lẹ́yìn tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, àwọn àgbẹ̀ tí ìkórè wọn kò ju àpò mélòó kan lọ da kòkó wọn pọ̀, wọ́n sì rí i tà bí ẹni ńlá. Ohun tí wọ́n fi kòkó ṣe, kí àwa fi omi ṣe é.

OHUN TÍ MO DÁ LÁBÀÁ

Èkíní, kí ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀ dá àpò kan sílẹ̀ tí a ó máa pè ní àpò omi. Kí iye tí a ó máa fi sí i wà nínú ìwé, kí ó má sì jẹ́ ohun tí alága lè yá lò. Bí ó tilẹ̀ kéré, kí ó máa wọlé.

Èkejì, kí a wọn omi wa. Láti oṣù yìí lọ, kí búkà kọ̀ọ̀kan máa ka iye dúrọ́ọ̀mù omi tí ń jáde lóòjọ́, kí akọ̀wé máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún kan, ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí kò mọ iye omi rẹ̀, iyekíye ni ẹnjiníà á pè fún un.

Ẹ̀kẹta, kí a gbẹ́ kòtò ìsílẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ sí búkà kọ̀ọ̀kan, jìnnà sí kànga, kí sítáàṣì máa sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí kò ní kí a dúró de ẹnikẹ́ni. Sítáàṣì tí a bá kó níbẹ̀ ní olùrà, owó rẹ̀ sì lè máa wọ inú àpò omi.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa tó wà nítòsí, kí a bi wọ́n bóyá wọn yóò bá wa dáwó. Kí a sì jọ lọ sí yunifásítì tó sún mọ́ wa, kí a bẹ àwọn tó mọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí kí wọ́n bá wa ṣe táńkì ìdánwò kékeré kan lórí omi ẹ̀gẹ́ tiwa gan-an, kì í ṣe lórí omi ṣúgà ti Òyìnbó.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. “Iṣẹ́ ìjọba ni.” Òótọ́ ni pé ó yẹ kí ìjọba ṣe ju bí ó ti ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n àjọ NESREA ti wà láti ọdún 2007, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rí i pé òfin àyíká ń múlẹ̀. Lọ́jọ́ tí òfin bá dé ẹnu ọ̀nà búkà, kò ní mú owó ìrànlọ́wọ́ dání. Ìwé ìtanràn ló máa mú dání. Ó sàn kí ó bá wa lẹ́nu iṣẹ́ ju kí ó bá wa lẹ́nu àwáwí lọ.

Àwọn mìíràn á ní, “Èrè ọdún yìí kò tó pín, ẹ tún fẹ́ yọ nínú rẹ̀.” Mo gbọ́ yín, mo sì mọ bí ọjà ti rí. Ṣùgbọ́n ẹ ka owó tí ẹ ń fi ra omi póńpù àti omi inú ọ̀rá báyìí nítorí pé omi kànga kò ṣeé mu mọ́. Ẹ ka owó oògùn àwọn ọmọ tí inú ń run. Àwọn owó yẹn ti ń jáde láti inú èrè wa tipẹ́tipẹ́, a kò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni.

A máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Kò ní i lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa ń sọ ara wa di ọ̀tá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, korobá kan lójúmọ́. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí kọ́gbọ́n láti so mọ́ ara wọn, wọ́n di hóró, wọn kò sì bá omi lọ mọ́. Àwa tí a ní ojú, tí a ní ẹnu, tí a ní ìwé àkọsílẹ̀ àti àpótí owó, kò yẹ kí kòkòrò fi àjọṣe hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lórí ètò ìpàdé gbogbogbòò. Ẹni tó bá ní èrò tó dára ju èyí lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú kí oṣù tó parí. Ẹni tó bá sì fara mọ́ ọn, kí ó bá aládùúgbò rẹ̀ ní búkà sọ ọ́. Ire o.